Àgúnmu làkúrègbé tí wọ́n kọ “antioxydant” sí lára, ṣé òótọ́ ni àbí ọ̀rọ̀ ọjà?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ọdún mẹ́ta rèé tí orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú, ẹni ọdún 63 ni wọ́n, tí wọ́n bá jókòó tí wọ́n fẹ́ dìde ẹ máa gbọ́ bí egungun ṣe ń ké, tó bá di òru wọn ò ní sùn. Dókítà ní oríkèé ló ti ń jẹ, ó kọ oògùn hóró fún wọn, oògùn yẹn wá ń ta wọ́n nínú ni wọ́n bá pa á tì. Bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ń ti Kútọnu bọ̀ wá sílé ní Àjàṣẹ́, ọkùnrin kan wọ inú bọ́ọ̀sì tòun ti gbohùngbohùn, ó ń ta àgúnmu nínú ike funfun, 2,000 sẹ́fà ọ̀kan. Wọ́n rà á. Ẹ̀yin ará, ọjọ́ kejì ni màmá gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdi nǹkan kan mú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn wọn ò jẹ́ kó tán nílé, ṣíbí kékeré kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

Lára ike yẹn wọ́n kọ ọ́ ní Faransé pé “antioxydant puissant, anti-inflammatoire, 100 % naturel”, wọ́n wá to nǹkan mẹ́rin sí i: ewúro, orógbó, mọ́ríńgà àti atalẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní curcuma. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ta ọjà ni. Màmá ní kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ àwọn. Èmi ò mọ ẹni tí n máa tẹ̀ lé. Kí lọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn túmọ̀ sí gan-an? Ṣé àwọn ewé yẹn ní in lóòótọ́? Tí wọ́n bá ní in, ṣé mi ò lè máa gún un fún wọn nílé?

Ìyá_Eléwé_Kétu

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá ẹ, wọ́n á pẹ́ fún ẹ. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń ta ewé ní Kétu níbí, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, òun náà kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Gbogbo ohun mẹ́rin tí o dárúkọ yẹn mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ mi. Ewúro, à ń fọ̀ ọ́ sọ́bẹ̀, à ń gbo omi ẹ̀ mu tí inú bá ń runni tàbí tí ara bá gbóná. Orógbó, àwọn àgbà ń jẹ ẹ́ fún ikọ́. Tó bá wá jẹ́ làkúrègbé, ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni ká pa atalẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyeré àti ẹ̀ẹ́rù ká sè é, ká sì fi òrí pa ojú ibẹ̀ lálẹ́, ká wá fi aṣọ wé e kó lè móoru. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹni tó bá ń lò ó á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta á ní “ìyá, ó ti ń fúyẹ́ o”.

Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kejì yẹn ò fi kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti kà á. Mi ò tíì rí ewúro àti orógbó tó máa gbé ẹni tí ò lè dìde fún ọdún mẹ́ta gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kejì. Mi ò ní kí o bẹ̀rù. Tú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, fi ahọ́n kàn án. Àgúnmu tí ewúro àti orógbó bá wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ korò, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é kó má korò. Wá sọ ohun tí o bá rí fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ṣábẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, Yunifásítì Abomey-Calavi ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn èròjà tó wà nínú ewé, iṣẹ́ antioxydant yìí gan-an ni mò ń ṣe ní lábò lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ gé iṣu kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ sílẹ̀, ojú ẹ̀ á dúdú. Ẹ fi epo pupa sínú oòrùn láìdé e, á ṣí, á sì máa rùn. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é. Ọ́síjìn yìí kan náà là ń mí sínú, òun lara fi ń sun oúnjẹ kó lè di agbára, bó sì ṣe ń sun ún àwọn èérún kan máa ń ta jáde bí ìgbà tí iná igi bá ń ta pàrà. Nǹkan kan ti dín lára èérún yẹn, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ló sọ nù, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tó wà lára ohun gbogbo, torí náà á máa wá ibi tó ti máa já òmíràn gbà, ọ̀rá ara ni o, èròjà ara ni o, ohun tó bá já a gbà lára ẹ̀ bà jẹ́ nìyẹn. Ohun tó bá lè fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tiẹ̀ tọrẹ fún un kó tó ba ara jẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní antioxydant.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ewé ní in? A máa gbẹ ewé, a lọ̀ ọ́, a rẹ ẹ́ sínú omi tàbí ọtí líle, a sẹ́ ẹ, a wá da díẹ̀ sínú omi aláwọ̀ àlùkò kan tó ń jẹ́ DPPH. Tí antioxydant bá wà nínú ẹ̀ àwọ̀ àlùkò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí títí á fi di yẹ́lò, a ó wọn bó ṣe ṣí tó, a ó fi wé vitamin C. Tí mo bá gbé ewúro dé, á ṣí. Orógbó, á ṣí. Ewé máńgòrò, tíì, kọfí, gbogbo ẹ̀ á ṣí. Nínú gbogbo ewé tí mo ti fọwọ́ ara mi dán wò kò tíì sí èyí tó kọ̀ tí kò ṣí rárá. Torí náà ohun tí wọ́n kọ sára ike màmá kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ ọ́ sára igi tó bá wù yín kó má jẹ́ irọ́ náà. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà to irú nọ́ńbà báyìí fún oríṣiríṣi oúnjẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà kan, lọ́dún 2012 àwọn fúnra wọn yọ ọ́ kúrò, torí àwọn oníṣòwò ti ń fi ta ọjà, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tó ti inú ìgò jáde ò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lára èèyàn.

Lára èèyàn, èròjà ewé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ìfun kọjá, ẹ̀dọ̀ á gbá a mú, á pa á dà, á tì í sínú ìtọ̀, èyí tó máa ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀ bíńtín ni. Ara sì ní antioxydant tiẹ̀ tó ń ṣe fúnra ẹ̀, ó pọ̀ ju ti ewé lọ fíìfíì. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wí báyìí, tó sì ń dùn mọ́ mi nínú gan-an, ni pé púpọ̀ nínú èròjà ewé kì í bá èérún yẹn jà fúnra ẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni tó wá kanlẹ̀kùn. Ara á gbọ́ pé nǹkan kíkorò kan ti wọlé, á jí àwọn ẹ̀ṣọ́ tiẹ̀. Nrf2 ni wọ́n ń pe ẹni tó ń jí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn. Mọ́ríńgà ń jí i, curcuma ń jí i, àmọ́ jíjí ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe nǹkan ọjọ́ méjì tí egungun tó ti jẹ fi máa gun àtẹ̀gùn. Mo wà pẹ̀lú ìyá wa ní Kétu níbẹ̀ yẹn.

Ọmọ_Alákétu

Ẹ̀yin ọmọ lábò, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ wí. Ẹni ọdún 70 ni mí, mi ò lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí tí ọmọ Yorùbá bá jókòó tó ní oògùn baba òun ò ju kí omi aláwọ̀ ṣí lọ. Òyìnbó náà kó ewé wa lọ, ó rọ ọ́ sínú hóró, ó tún gbé e padà wá tà fún wa lówó gọbọi. Bàbá mi gbo ewé fún èèyàn ní Kétu yìí, wọ́n sì dìde. Ṣé ìyẹn náà ò ká?

Ìyá_Oníwàrà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ń ta wàrà ní ọjà Ṣábẹ̀, mo kàn fẹ́ bèèrè tèmi náà. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń bá wa ṣe wàrà, omi bọmubọ́mù ni wọ́n fi ń mú kí wàrà dì, tí wọ́n bá fẹ́ kó pupa wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ pòròpóró ọkà bàbà, èyí tó pupa fòò yẹn. Pòròpóró yìí náà là ń sè fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá lọ sílẹ̀ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ṣé antioxydant ni òun náà? Mo máa ń rí i pé wàrà pupa máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bà jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ṣábẹ̀

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ó ká, ó ká gan-an, tí kò bá ká ni mi ò ní fi ọdún ayé mi dí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọ̀ tó ṣí nínú ìgò ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́, ilé ṣì jìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí ẹlòmíràn gbà dé inú ilé. Ní Ṣáínà, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Tu Youyou ń wá oògùn ibà, wọ́n ń se ewé kan, wọ́n ń dán an wò lára eku, lónìí á ṣiṣẹ́, lọ́la kò ní ṣiṣẹ́. Ó padà sídìí ìwé oníṣègùn àtijọ́ wọn, ó rí i pé wọn ò ní kí wọ́n sè é, wọ́n ní kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi kí wọ́n fún un mu. Iná ló ń ba èròjà yẹn jẹ́. Lọ́dún 1971 ó lo ohun tí ò fẹ́ iná púpọ̀ láti fi yọ ọ́, oògùn náà sì jẹ́. 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹni àtijọ́ ló mọ ọ̀nà, lábò ló jẹ́rìí sí i, kò sí èyí tó kéré nínú méjèèjì. Ẹ sì wo ewúro náà, ní òkè Mahale ní Tàńsáníà wọ́n rí ìnàkí tí ara ẹ̀ ò yá tó ń bó èèpo ọ̀pá ewúro tó ń fa omi kíkorò inú ẹ̀ mu, ó fi ewé ẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ń gbé àgbègbè yẹn náà sì ń lo igi kan náà fún aràn. Bàbá yín àti ìnàkí yẹn bára wọn mu, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

Lórí orógbó, ẹ̀rí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ màmá wa jù rèé. Ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 2008 àwọn dókítà egungun fi orógbó dán àwọn tí orúnkún ń dùn wò, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, àwọn kan gba orógbó, àwọn kan gba hóró tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ méjì tó kù gba oògùn òyìnbó oríṣi méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é. Ara àwọn tó gba orógbó fúyẹ́ ju àwọn tó gba hóró òfìfo lọ. Àwọn tó ṣe é dópin ò tó 100, kò tíì tó ohun tí wọ́n máa fi gbé oògùn jáde, ṣùgbọ́n èèyàn ni wọ́n lò, kì í ṣe ìgò, kì í ṣe eku. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kó rí.

Ìyá oníwàrà, ẹ kú ọjà o, ìbéèrè yín dùn mọ́ mi ju gbogbo ẹ̀ lọ torí ti ilé wa ni. Àwọn onímọ̀ Calavi ti bá àwọn ará yunifásítì Wageningen ní Netherlands yẹ pòròpóró yẹn wò, àwọ̀ pupa yẹn pọ̀ nínú ẹ̀ kọjá bí wọ́n ṣe rò, apigéninidine ni wọ́n ń pè é, agbára antioxydant ẹ̀ sì ga. Àwọ̀ bíssápù máa ń yí tẹ́ ẹ bá fi kán-ún sí i, ti pòròpóró kì í tètè yí, ìyẹn ló jẹ́ kó dúró lára wàrà tó ń hó lórí iná. Àmọ́ tí wàrà pupa fi ń pẹ́, mi ò rò pé àwọ̀ nìkan ló fà á, bí ẹ ṣe ń tún un sè lójoojúmọ́ yẹn gan-an ń pa kòkòrò.

Anti-inflammatoire wá ńkọ́? Ohun tó ń mú kí ibi tó wú nínú ara rọlẹ̀ ni. Ó pọ́n, ó wú, ó gbóná, ó ń ro: mẹ́rin yìí ni ará Róòmù kan, Celsus, kọ sílẹ̀ nípa ibi tó bá wú ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, a ṣì ń lò ó dòní. Ara ló ń ránṣẹ́ sí ibi tó bàjẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé àwọn ọmọ ogun lọ síbẹ̀. Aspirine ni ẹ máa fi yé ara yín. Ní Yúróòpù wọ́n ń se èèpo igi kan tí Faransé ń pè ní saule fún ibà àti ara ríro láti ayébáyé, 1897 ni Felix Hoffmann ní iléeṣẹ́ Bayer ní Jámánì ṣe aspirine láti ara èròjà tó jọ tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ títí di 1971 tí John Vane fi hàn pé ńṣe ló ń dí ẹnu ohun tó ń ṣe prostaglandine, ìyẹn ìránṣẹ́ tó ń mú ibẹ̀ wú. Ìránṣẹ́ yìí kan náà ló ń dáàbò bo ògiri inú ikùn o. Ìdí nìyẹn tí oògùn dókítà fi ń ta màmá nínú.

Ọmọ_Alákétu

Ọmọ mi, mo ti gbọ́. O ṣe é.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ìyá Kétu, mo tọ́ ọ wò. Kò korò! Ó ń dùn díẹ̀ pàápàá, ó dà bí ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan, yẹ́lò lásán ló ṣe. Mo fi ahọ́n kàn án ní ìgbà mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì_Kétu

Àbúrò mi, jọ̀ọ́ dá mi lóhùn kíá. Mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, irú èyí ń dé ọ̀dọ̀ wa. Láti oṣù mẹ́ta yìí, ṣé ojú màmá ti ń ṣe róbótó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún? Ṣé oúnjẹ ń wọlé gan-an? Ṣé ikùn ń tóbi tí apá àti itan wá ń tẹ́ẹ́rẹ́? Ṣé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ṣé wọ́n ń tọ̀ lóru? Ara wọn ńkọ́, tí nǹkan bá gbá a díẹ̀ ṣé ó ń dúdú bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ sun sí? Ìgbà wo ni wọ́n ti wọn tańsíọ̀n wọn gbẹ̀yìn?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ti ń bà mí. Gbogbo ẹ̀ ni. Ojú wọn ti yí róbótó, àwọn ará ilé ń kí wọn pé ara wọn ti ń dára, pé wọ́n ti ń sanra, àwa náà ń dúpẹ́. Lóru wọ́n ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ tọ̀, wọ́n á gbé ife omi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Apá wọn dúdú ní ibi méjì, wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó gbá àwọn. Tańsíọ̀n, a ò wọ̀n ọ́n láti ọdún tó kọjá. Mo máa lọ gba ike yẹn lọ́wọ́ wọn báyìí kí n dà á nù sí ààtàn.

Nọ́ọ̀sì_Kétu

Rárá o!! Má dà á nù, má sì jẹ́ kí wọ́n dá a dúró lójijì. Gbọ́ mi dáadáa.

Ohun tí mò ń fura sí ni pé àwọn tó ṣe é po corticoïde mọ́ ọn, dexaméthasone tàbí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, hóró tí ò wọ́n, wọ́n á gún un sínú ìyẹ̀fun. Ó máa ń pa wíwú àti ìrora kíákíá, ọjọ́ kejì yẹn nìyẹn. Àwọn míì ń po diclofénac, oògùn ìrora òyìnbó kan. Kì í ṣe ní Bẹ̀nẹ̀ nìkan, káàkiri ayé ni wọ́n ti ń rí i nínú oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń tà fún oríkèé. Corticoïde dára lọ́wọ́ dókítà tó mọ ìwọ̀n ẹ̀. Tí èèyàn bá ń jẹ ẹ́ lóṣù mẹ́ta láìmọ̀ ńkọ́, ṣúgà á gòkè, ẹ̀jẹ̀ á ru, egungun á fúyẹ́, awọ á tín-ínrín, ara ò ní lè bá kòkòrò jà.

Ìdí tí ò fi gbọ́dọ̀ dúró lójijì: ẹ̀yà kékeré méjì kan wà tó jókòó lórí kíndìnrín, àwọn ló ń ṣe corticoïde ti ara fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá rí i pé ti ìta ń wọlé lójoojúmọ́, wọ́n á sùn. Tẹ́ ẹ bá gba ti ìta lójijì, ti inú ṣì ń sùn lọ́wọ́, ara ò ní nǹkan kan mọ́, èèyàn á máa bì, okun á tán, tańsíọ̀n á já wálẹ̀, ó lè pa èèyàn. Torí náà bí wọ́n ṣe ń lò ó kí wọ́n ṣì lò ó lálẹ́ òní, láàárọ̀ ọ̀la gan-an kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, ẹ mú ike yẹn dání tìwé tìwé ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà ní tààràtà pé “a fura sí corticoïde, oṣù mẹ́ta”. Ẹ ní kí wọ́n wọn ṣúgà àti tańsíọ̀n. Tí wọ́n bá ń bì tàbí tí ojú bá ń ṣú wọn lóru òní, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́.

Ìyá_Eléwé_Kétu

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Wọ́n fi orúkọ ewúro àti orógbó wa bo nǹkan mọ́lẹ̀. Tó bá pa ẹni náà wọ́n á ní ewé ló pa á.

Ọmọ mi, gbé ìyá ẹ lọ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Èmi tí mò ń ta ewé ni mo ní kí o gbé wọn lọ o.

Tísà_Ìlúkà

Mò ń ka gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú màmá. Mo ní ìbéèrè kan, àwa nílé, ìyàwó mi ń po curcuma mọ́ ata dúdú àti oyin, ó ka a lórí WhatsApp pé ata dúdú ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ṣé ká dúró ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ṣábẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kọ ọ́ ò purọ́, ó kàn sọ ìdajì ni. Curcuma lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1998 wọ́n fún àwọn èèyàn ní curcumine pọ̀ mọ́ pipérine, ìyẹn èròjà tó ń ta lẹ́nu nínú ata dúdú, èyí tó wọ ẹ̀jẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 20 ju ti tẹ́lẹ̀. Kí ló ṣe? Pipérine ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó má lè tì í síta. Oògùn dókítà tẹ́ ẹ bá ń lò lọ́wọ́ náà lè há sínú bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Ítálì wọ́n ti rí àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ṣàìsàn látàrí hóró curcuma, wọ́n sì ti po ata dúdú mọ́ púpọ̀ nínú hóró yẹn. Ṣíbí kékeré kan nínú ọbẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú 100 gírámù curcuma lílọ̀ curcumine ò ju nǹkan bíi gírámù 3 lọ. Ọbẹ̀ ò ní wàhálà. Ti hóró ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, àti èyí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ tó yẹ́lò rekete: ní Bangladesh lọ́dún 2019 àwọn olùwádìí rí i pé wọ́n ń fi àwọ̀ tó ní òjé nínú kun un kó lè dán. Ẹ ra odidi, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín.

Ká má sì rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó. Ní Fínlándì wọ́n kó àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá jọ, ó lé ní 29,000, wọ́n fún ìdajì wọn ní bẹ́tá-kárótìnì, antioxydant inú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa, wọ́n rò pé á dènà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́dún 1994 tí èsì jáde, àwọn tó gbà á ló ní jẹjẹrẹ náà jù, ó fi 18% ju ti àwọn tí ò gbà á. Epo pupa inú ọbẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni o, hóró ni.

Ìyá_Eléwé_Kétu

Ohun tí mo máa ń wí fún àwọn oníbàárà mi nìyẹn. Ewé tútù, ẹ rí ojú ẹ̀, ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀, ẹ já a wò bóyá oje ń jáde. Odidi èèpo, odidi gbòǹgbò, ọmọ eléwé lè sọ orúkọ ẹ̀ fún yín. Tí wọ́n bá ti gún un tán, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Kétu

Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Ní Bẹ́ljíọ̀m ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn gba àgúnmu ewé Ṣáínà ní ilé ìtọ́jú kan ní Brussels, ẹni tó kó ewé wọlé ṣi ewé mú, aristoloche, ewé kan tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ló wọ inú ẹ̀ dípò ewé mìíràn tí orúkọ wọn ní Ṣáínà jọra. Ó lé ní 100 tí kíndìnrín wọn bàjẹ́. Ewé gidi ni aristoloche yẹn o, 100% naturel.

Fún ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà, omi ewúro gbígbo lójoojúmọ́ lè já ṣúgà yẹn wálẹ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ tún sọ ti ááyù àti atalẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, torí ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dì. A ò ní bá yín jà. Ẹni tó bá fi pamọ́ fún wa ló ń kó wa sí ìyọnu.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

(ọjọ́ 9 lẹ́yìn)

Ẹ kú àdúrótì mi o. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

A gbé wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣúgà 2.30 gírámù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan láìtíì jẹun, wọ́n ní tó bá ti tó 1.26 àtọ̀gbẹ ni. Tańsíọ̀n 17 lórí 10. Dókítà wo ojú wọn, ó wo apá wọn, ó wo ike yẹn, ó mi orí. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀ kí wọ́n wọn cortisol, ìyẹn corticoïde tí ara ń ṣe fúnra ẹ̀, ó wálẹ̀ pátápátá, ó ní ẹ̀yà orí kíndìnrín ti sùn lóòótọ́, bí nọ́ọ̀sì wa ṣe wí gẹ́lẹ́. Ó fún wọn ní hóró tó mọ ìwọ̀n ẹ̀, á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó ní ó lè gba oṣù bíi mélòó kan. Ó fún wọn lóògùn ṣúgà àti ti tańsíọ̀n, ó ní bí corticoïde bá ṣe ń kúrò lára ó ṣeé ṣe kí ṣúgà náà máa wálẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kọ orúkọ ike yẹn sílẹ̀, wọ́n tọ́jú díẹ̀ nínú ẹ̀.

Orúnkún ti padà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ìyẹn ló dùn mí jù, kí n má purọ́. Màmá jókòó sórí ibùsùn ní àárọ̀ àná wọ́n ń wo mi bí ẹni pé èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ wọn lọ. Wọ́n ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ wọn ní eré ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n máa na orúnkún lórí àga lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹwàá lálẹ́, kí ẹran itan lè lágbára kó bá orúnkún gbé ẹrù. Mo bi dókítà nípa òrí àti aṣọ gbígbóná, ó ní kò burú rárá. Torí náà Ìyá Kétu, òrí yín ni mò ń fi pa wọ́n lálẹ́. Ewúro wà nínú ọbẹ̀, fífọ̀, bí a ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Lánàá mo wọ bọ́ọ̀sì lọ Kútọnu, ọkùnrin yẹn wọlé, ike funfun kan náà. Mo dìde. Ohùn mi ń gbọ̀n àmọ́ mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní Gùn, mo fi fọ́tò ojú màmá tó wà lórí fóònù mi hàn wọ́n, ti ṣáájú àti ti ìsinsìnyí. Ó bọ́ sílẹ̀ ní ìdúró tó tẹ̀ lé e. Èèyàn méjì ti rà á kí n tó sọ̀rọ̀, ìyá kan nínú wọn fún mi ní tiẹ̀ dì mú.

Ìyá_Oníwàrà

Ọlọ́run á gbà fún màmá. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, bàbá ọkọ mi ní irú ike funfun yẹn nílé, ó ti tó oṣù kan báyìí, wọ́n rà á lọ́jà. Àtẹ̀gùn ò sí nílé wa, mi ò mọ bí mo ṣe máa mọ̀. Kí ni kí n wò?

Nọ́ọ̀sì_Kétu

Ẹ wo ojú wọn, ẹ wo fọ́tò wọn ti ọdún tó kọjá. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń tọ̀ lóru. Ẹ tọ́ ọ wò bí ìyá wa ṣe kọ́ wa, ṣùgbọ́n tó bá korò náà kẹ́ ẹ ṣì gbé wọn lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lọ́la ni o, kì í ṣe ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.